Ọṣẹ Ọdẹ́ṣínà ní Ìlú Ògiri Ọ̀rá

Ẹni tó bá dúró kó jókòó, ẹni tó bá jókòó kó sún mọ́ mi, ẹni tó bá sì ń jẹun lọ́wọ́ kó tètè gbé e mì kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, nítorí ìtàn yìí kì í bá oúnjẹ gbé nínú ikùn kan. Ìtàn Ọdẹ́ṣínà ni. Òun náà ló jókòó sí ìdí òpó yẹn, tó ń fi aṣọ nu orúnkún tí kò dọ̀tí. Òun ló yẹ kó sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ ọ́, “èmi” á pọ̀ nínú rẹ̀ ju òkúta inú ìrẹsì lọ. Mo ti ṣà wọ́n kúrò. “Ó” ni mo fi rọ́pò. Bí mo bá ṣì í sọ, kó wúkọ́.

Nígbà tí agbára wà lápá Ọdẹ́ṣínà, kò sí ọdẹ tó tó o ní Ìdóòṣùn, kò sì sí afínjú tó tó o. Ọdẹ mìíràn á kó ọta àti ẹ̀tù sápò; tirẹ̀, ọṣẹ dúdú ni, èyí tí a fi eérú èèpo kòkó sè, àti kànhìnkànhìn tuntun. Bí ó bá pa ẹtu, á fọ ọwọ́, á fọ ẹtu, á fọ ọ̀bẹ, títí eṣinṣin tó fẹ́ bà lé ẹran náà á fi kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bóyá ó mọ́.

Ohun kan ló ń rí i lára ju òkú ẹran lọ: ọ̀rá. Epo, òróró, àdín, òrí, ohunkóhun tó bá ń dán tó sì ń yọ̀. Bí Àjíùn ìyàwó rẹ̀ bá gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, á mú ṣíbí kékeré, á máa re epo orí rẹ̀ dànù títí ọbẹ̀ á fi rí bí omi òjò.

“Bàbá Ìgè,” Àjíùn á ní, “epo ni ẹwà ọbẹ̀.”

“Ẹwà tó bá ń yọ̀ mọ́ni létè, ẹwà ìgbín ni.”

Ní ọdún kan, ọyẹ́ ṣi ọ̀nà. Oṣù kẹfà ló ya wọ ìlú, nígbà tí iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun ọ̀pá. Otútù mú títí epo fi dì nínú ìgò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ewé iṣu Ìdóòṣùn ti pọ́n rúsúrúsú bí eyín arúgbó ajobì. Àgbà sì mọ̀ pé ewé ni ààrò iṣu: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi oòrùn se oúnjẹ tí iṣu ń jẹ lábẹ́ ilẹ̀. Bí ààrò bá kú lókè, iṣu tó wà nísàlẹ̀ á rí bí ìka ọmọ ọwọ́.

Baálẹ̀ pe ìlú jọ. Ó ní, “Bí ewé wọ̀nyí bá kú, èèbù ni a ó jẹ lọ́dún yìí. Ẹni tó bá sì jẹ èèbù, ọmọ rẹ̀ tí a kò tíì bí ló jẹ.”

Ọdẹ́ṣínà dìde, ó gbọn aṣọ.

“Bàbá, ìdọ̀tí ni. Ohun tí a kò wẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dá ayé, ṣé kò ní pọ́n ni? Mò ń lọ sínú ewé iṣu àgbà, èyí tí gbogbo èèbù wa ti inú rẹ̀ wá. Màá rí àwọn tó ń dáná níbẹ̀. Kí n tó dé, ẹ máa se ọṣẹ sílẹ̀. Bí mo bá ti tẹsẹ̀ wọlé, gbogbo oko ni a ó fọ̀.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń se ọṣẹ ní Ìdóòṣùn, agbada lórí agbada. Ẹ fi ọṣẹ yìí sọ́kàn, yóò padà wá bá wa.

Bí ó ti fẹ́ máa lọ, Àjíùn na àdó òróró ẹ̀pà kan sí i. “Mú un dání. Nínú ọyẹ́, epo ń dì, àdín ń dì, òrí ń le bí òkúta. Èyí nìkan ni kì í dì. O lè fi pa ara.”

Ọdẹ́ṣínà fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí a na ejò sí. “Kí n tó fi ìyẹn pa ara, kí àrá pa mí.”

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ tún ojú fọ̀, Àjíùn ti àdó náà bọ abẹ́ kànhìnkànhìn nínú àpò.

Ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí a ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n, ẹ má bi mí bí ó ti jìnnà tó. Nínú igbó kan tí àwọn igi ti ń bá ara wọn ṣépè, ó bá iwin kan tó jókòó sórí òkìtì ewé jíjẹrà. Iwin yìí kò ní ojú, kò ní eyín. Ahọ́n ni gbogbo orí rẹ̀, ó sì ń yọ itọ́ bí ìgbín tí a wọ́n iyọ̀ sí.

“Mo mọ ibi tí ò ń lọ,” ni iwin náà wí. “Ìlú inú ewé. O tóbi jù. Màá lá ọ títí wàá fi kéré.”

“Lá ta ni?”

“Ìwọ.”

“Èmi Ọdẹ́ṣínà? Mo lè bá ọ jà.”

“O lè bá mi jà. Lẹ́yìn ìjà, màá wá lá ọ.”

Ọdẹ́ṣínà rántí èèbù. Ó di imú, ó di ojú, ó ní kí iwin náà tètè ṣe é. Ahọ́n yẹn gbóná, ó nípọn, ó ń rùn bí omi tí wọ́n rẹ gbáàgúdá sí tí wọ́n gbàgbé. Bí ó ti ń lá a ni ó ń kéré: ó tó ewúrẹ́, ó tó ẹ̀lírí, ó tó èèrà, ó wá tó ohun tí èèrà lè fi ta eyín. Àpò rẹ̀ náà kéré tẹ̀lé e. Gbogbo ohun tí iwin lá kúrò lára rẹ̀, ó kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Bí o bá ń bọ̀,” ó fi ẹnu kíkún wí, “màá tu ọ́ padà sí ara rẹ.”

Ọdẹ́ṣínà bì.

Ẹ gbọ́ ikọ́ yẹn? Ó ní òun kò bì. Ó dára. Èébì ló jáde; òun kọ́ ló rán an.

Abẹ́ ewé iṣu àgbà ni afẹ́fẹ́ gbé e sí. Abẹ́ ewé, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kéré tó láti rí i, ẹnu ló kún ibẹ̀: ẹnu láìsí ojú, ẹnu láìsí ikùn, tó ń ṣí tó ń pa dé bí ti ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Èyí tó tóbi jù nínú wọn dá a dúró.

“Kí ni ẹ̀yin ènìyàn ń jù nù lójoojúmọ́, tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́, tí àwa sì ń gbé wọlé lọ sè?”

“Èmi, ọdẹ tí ẹkùn ń kí, ni o ń pàlọ́ fún?” ni Ọdẹ́ṣínà wí. Ó ní egungun ni. Ẹnu pa dé. Ó ní omi ìfọwọ́ ni. Ẹnu pa dé. Ó ka gbogbo ohun tó wà lórí ààtàn títí dé èèpo ẹ̀gẹ́, ẹnu kò ṣí. Nígbà tó sú u, ó wo itọ́ iwin tó ṣì wà ní apá rẹ̀, ó mí ìmí ìríra kan, hùùn.

Gbogbo ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé èémí náà mì.

“Òun gan-an nìyẹn,” ni ẹnu wí. “Máa wọlé. Àwọn ọlọ́gbọ́n ń fi làákàyè wá a. Ìwọ fi ìríra rí i.”

Ìlú tó wọ̀ yìí, ògiri ni gbogbo rẹ̀. Ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a ká bí ẹní, tí a sì tò léra bí àkàrà inú àwo, tí àwọ̀ ewé tó ti ń ṣá wà lára rẹ̀. Ọdẹ́ṣínà fi ìka kan ògiri. Ìka yọ̀. Kì í ṣe amọ̀, kì í ṣe igi. Ọ̀rá ni. Èyí tó wá burú jù: ọ̀rá náà ń mí.

Ènìyàn ni wọ́n fi ara wọn kọ́ ọ. Orí oyin ni orí wọn, ìdí wọn sì hu ìrù ọ̀rá méjì méjì. Wọ́n dúró ní ìlà méjì, wọ́n kọ ojú sí omi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n kọ ìdí síra, ìrù ìlà kan kan ìrù ìlà kejì, kí omi má bàa rí àyè gbà kọjá láàárín wọn. Ọdẹ́ṣínà wo ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fi ìdí ko ìdí, tí oyin ń kán lórí wọn, tí ọ̀rá ń kán nídìí wọn. Ó wá ibi tí kò yọ̀ láti fara tì, kò rí.

Inú ìrù wọn yìí gan-an ni àwọn Agboòrùn rì sí dé àyà. Àwọn wọ̀nyí ló ń na ọwọ́ mú oòrùn. Olóyè wọn wọ agbádá àwọ̀ ewé tó balẹ̀, ó sì ti ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.

“Ọdẹ, ojú rẹ jọ ojú ọmọlúwàbí. Má bá àwọn ọlọ́ràá yìí sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń mú oòrùn. Tiwọn ò ju kí wọ́n yí mi ká lọ, bí eṣinṣin ti ń yí ọba ká.”

“Mo rí i, olóyè,” ni Ọdẹ́ṣínà wí. “Ó mà ṣe o. Aṣọ tó dára báyìí nínú epo.”

“Ó yé ọ,” ni Olóyè Agboòrùn wí. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò yé.”

Àgbà obìnrin kan nínú ìlà ògiri yí orí sí wọn pẹ̀lú ìnira. Ìyá Ògiri ni wọ́n ń pè é. Otútù ti mú ẹnu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn ìsàlẹ̀ kò fi lè jáde mọ́. Ohun gbogbo tó ń sọ dúró sí agbedeméjì.

“Àlejò, wo Asárégbéná,” ó wí.

Ọdẹ́ṣínà wò ó. Ní àárín ògiri, nínú ọ̀rá, ìránṣẹ́ kan wà tó gbé iná oòrùn sórí, tí ó yẹ kó máa wẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Agboòrùn kan lọ sí òmíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà níwájú, ìkejì wà lẹ́yìn. Ó há bẹ́ẹ̀ bí eṣinṣin inú epo dídì. Iná orí rẹ̀ ti ń kú lọ.

“Bí ó bá ń sáré,” ni Ìyá Ògiri wí, “omi kíkan á kún lẹ́yìn wa. Àwa la ń sé e. Ẹnu ọlọ tó wà lára ògiri nìkan ni a ń jẹ́ kó gbà jáde, kí ọlọ lè yí, kí oúnjẹ iṣu lè kúnná. Kò sí eré, kò sí ọlọ. Iṣu yín ń kú nísàlẹ̀.”

“Kí ló fà á?”

“Orí ni. A ti di orí. Orí ló ń pa wá.”

Òrí ló ń wí, ẹ̀yin ará mi. Òrí, tí ẹ fi ń pa ọmọ lára, tó ń le nínú ọyẹ́ títí ẹ̀ẹ́ fi mú ọ̀bẹ gé e. Ìrù wọn tó yẹ kó máa rọ̀ ti dì bí òrí. Ṣùgbọ́n ohùn tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀, etí Ọdẹ́ṣínà sì gbọ́ ohun tó ti ń wù ú láti ilé. Orí burúkú ló gbọ́. Ta ni kò sì mọ ohun tí a ń ṣe sí orí burúkú? A ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ ni.

“Mo sọ ọ́ nílé,” ó wí, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè. “Ìdọ̀tí ni.”

Ó po ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà iwájú. Ó ń fọ orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa rí ìdí wọn. Ọṣẹ hó. Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ dára: ògiri rọ̀, Asárégbéná gbé ẹsẹ̀ kan. Olóyè Agboòrùn pàtẹ́wọ́. Ọdẹ́ṣínà ní, “Bàbá mi kò bí ọ̀lẹ. Bí mo bá fọ ìlú, ìlú á mọ̀ pé a fọ òun.”

Àṣé ọṣẹ náà ní orí, ó sì ní ìrù, bíi tiwọn. Ó ń bá ìrù wọn dọ́rẹ̀ẹ́, ó ń fà wọ́n lọ. Lábẹ́ ọwọ́ Ọdẹ́ṣínà, ẹni tó ń fọ̀ lórí ká kúrú sínú ìfófòó, ó yí gbirigbiri lọ sínú omi. Ẹni tó tẹ̀ lé e lọ. Ìdajì ìlà lọ.

“Ẹ̀yin náà lẹ ń pa á lówe,” ni Ìyá Ògiri wí, kò sì gbé ohùn sókè. “Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.”

Láti kékeré ni Ọdẹ́ṣínà ti ń pa òwe yẹn. Ó ti rò pé wọ́n ń yin ewé ni.

Ihò là sára ògiri. Omi kíkan tú jáde láti ẹ̀yìn, kò gba ẹnu ọlọ mọ́. Olóyè Agboòrùn, nígbà tí ọ̀rá tó yí i ká ti lọ, kò lè dúró. Agbádá rẹ̀ wó lé e lórí, ó ká jọ sílẹ̀ bí aṣọ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ti bọ́ kúrò nínú rẹ̀.

“Ẹ bá mi pè wọ́n padà,” ó ń wí lábẹ́ aṣọ.

“Àwọn wo, olóyè?”

“Àwọn… àwọn tó yí mi ká.”

Ìyá Ògiri tẹ orí ba, ó tẹ̀ ẹ́ títí igbá àyà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí ohùn lè bá orí sọ̀kalẹ̀. Ó ní, “Ò-rí.”

Ọ̀rọ̀ náà wá wọ Ọdẹ́ṣínà lára bí omi tútù. Ó ju ọṣẹ sílẹ̀.

“Ìrù tó gún ló ń dì,” ni obìnrin náà wí, “nítorí ó ń tò pọ̀ bí igi ìdáná. Ìrù tó wọ́ kì í tò, kì í dì. Ṣé o ní òróró tí kì í dì?”

“Kò sí ọ̀rá nínú àpò mi,” ni Ọdẹ́ṣínà wí, ó sì ń fi í yangàn láìmọ̀ bí ihò ti ń fẹ̀ sí i. Ó da àpò dé. Kànhìnkànhìn bọ́. Àdó kan bọ́ tẹ̀ lé e.

Ó wo àdó náà. Ó mọ ọwọ́ tó fi í síbẹ̀.

Àwọn tó kù nínú ìlà gbé àdó yí ká, wọ́n ń mu; bí wọ́n ti ń mu ni ìrù wọn ń wọ́, ni wọ́n ń rọ̀, ni àwọn tuntun ń hù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n híhù kì í ṣe ohun ìṣẹ́jú kan, omi kíkan kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

“Ta ni yóò dí ihò?” ni Ìyá Ògiri bèèrè. Kò sí ẹni tó wo Ọdẹ́ṣínà, ìyẹn ló sì burú.

Ó bọ́ aṣọ mímọ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí. Ó fi ẹ̀yìn wọnú ihò. Omi kíkan ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn; ọ̀rá ń ṣàn lé e láyà, ó wọ abẹ́ abíyá, ó wọ etí. Nítorí kò sí olórí oyin tó ṣẹ́ kù nítòsí, wọ́n pe Imí-Ọjọ́ wá láti ìlà ẹ̀yìn kó dúró tì í. Orí tirẹ̀ kì í ṣe oyin. Imí ọjọ́ tí àwọn ọdẹ fi ń po ẹ̀tù ni, ó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ lábẹ́ adìẹ.

“Gbá mi mọ́ra, ọdẹ,” ni Imí-Ọjọ́ wí.

“Ṣé ó di dandan?”

“Àyè kò gbọdọ̀ wà láàárín wa. Sinmi. Orúkọ mi ló burú, inú mi dára.”

Ọdẹ́ṣínà gbá a mọ́ra. Ìrù méjì wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òmíràn méjì gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wà ní títì pa, nítorí bí ó bá ṣí i láti bì, ọ̀rá á wọlé. Ibẹ̀ ló wà títí ògiri fi rọ̀. Asárégbéná já ara rẹ̀ gbà, ó wẹ̀ wá, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ojú Ọdẹ́ṣínà gẹ́gẹ́ bí a ti ń tẹ ìloro, ó gbé iná kọjá. Lẹ́yìn ògiri, omi kíkan kún. Ọlọ yí. Ìlà pa dé, ó fún Ọdẹ́ṣínà jáde bí kóró àgbálùmọ̀.

“Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ,” ni Ìyá Ògiri wí, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti padà, “kí wọ́n má fọ̀ wá. Kí wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ebè, kí wọ́n dá èéfín díẹ̀ sí etí oko. A mọ ìrù wa yí padà. Ọyẹ́ ló yá ju wa lọ. Àwọn ewé yòókù á gbọ́ lẹ́nu wa. Bí ọṣẹ bá kàn wá, ó parí.”

Bí iwin ṣe tu ú padà, n kò ní sọ ọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó yọ sí Ìdóòṣùn, gbogbo ìlú ti tò sí etí oko, igbá ọṣẹ lórí, kànhìnkànhìn lọ́wọ́. Baálẹ̀ ní, “Ọdẹ́ṣínà, a ti ń dúró. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?”

Wọ́n ti ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo òjò. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, “bẹ́ẹ̀ ni,” wọn ì bá gbé e sórí ọrùn. Ó wo ewé iṣu àgbà. Ní ìdí ewé náà, àwọ̀ ewé tín-ín-rín kan ti ń yọ.

“Ẹ da ọṣẹ nù,” ó wí, “síbi tí kò sí ewé.”

Ariwo kékeré sọ. Baálẹ̀ ní, “Kí ló wá wò ó sàn?”

Ọdẹ́ṣínà sọ ọ́ bí ẹni tu egungun ẹja. “Òróró ẹ̀pà.”

“Òróró,” ni obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn. “Ìwọ tí o ń fọ ọbẹ̀? Níbo lo ti rí òróró?”

Ó rí Àjíùn láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ lórí igbá. Ẹnu ìyangàn rẹ̀ tó ti fẹ́ wálẹ̀ tún gun igi lọ.

“Mo mọ̀ láti ilé pé òróró ni. Èmi ni mo ní kí Àjíùn dì í fún mi. Ta ló sọ fún yín pé n kò fẹ́ràn òróró? Ìkọ̀kọ̀ ni mo ti ń mu ún. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi bí i.”

Gbogbo ojú yí sí Àjíùn. Obìnrin náà sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó wí. “Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.”

Ó jíṣẹ́ Ìyá Ògiri fún wọn; wọ́n fi koríko bo ebè, wọ́n dá èéfín, iṣu ta. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilé tí Ọdẹ́ṣínà wọ̀ ní Ìdóòṣùn tí wọn kò da òróró lé oúnjẹ rẹ̀ lórí kí wọ́n tó kí i. Ṣíbí kékeré yẹn, Àjíùn ti sọ ọ́ nù.

Ẹ ò rí i pé kò wúkọ́ mọ́. Àjíùn ló ń bọ̀ yẹn pẹ̀lú àwo. Ẹ wo bí orí ọbẹ̀ náà ti ń dán, ìka kan á rì sínú rẹ̀. Ẹ wo bí ó ti ń bu òkèlè, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí gògóńgò rẹ̀ ń gòkè tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó ní ká wá jẹun. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àgbà lóhùn: á gba ibi ire.